Ewédú inú ike ọ̀dà: Bí ọmọ ṣe lè fẹ́ràn oúnjẹ ilé nílùú Abidjan

Ọ̀rọ̀ àsọyé rèé fún àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, lórí bí wọ́n ṣe lè fi ọgbà kékeré àti ilé ìdáná kọ́ ọmọ wọn láti fẹ́ràn oúnjẹ.



Bí èèyàn bá wọ ilé Yorùbá ní Treichville tàbí Adjamé nírọ̀lẹ́, ohun tó máa bá níbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìkàlẹ̀ yìí. Ìyá ti ọjà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ro àmàlà, ó se ewédú, ó bu ọbẹ̀ ata lé e. Ọmọ ọdún 6 wo inú abọ́, ó yínmú, ó ní òun kò jẹ. Ó ní garba lòun fẹ́. Kí ariwo má baà pọ̀, ìyá tú etí aṣọ, ó mú owó jáde, ọmọ sì sáré lọ sí ìta lọ ra attiéké àti ẹja díndín. Ewédú wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn garba. Oúnjẹ gidi ni. Ẹ̀gẹ́ ni attiéké, ẹja sì ni ẹja. Ohun tó yẹ kó ká òbí lára ni pé ọmọ náà kò mọ ohun tó kọ̀. Kò rí ewé yẹn rí lórí ìdúró. Kò mọ bó ṣe ń hù, kò já a rí, kò ṣà á rí, kò gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó wọ inú ìkòkò. Lójú tirẹ̀, nǹkan kan tó ń yọ̀ ló kàn ń jáde látinú ìkòkò ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ní Abidjan òde òní, ẹ̀fọ́ gan-an ni ọmọ ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkẹ́jù lásán. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní Côte d'Ivoire ní 2011 sí 2012 fi hàn pé nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni kò ga tó bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Nígbà tó fi máa di 2016, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 22. Ìtẹ̀síwájú nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ kan nínú márùn-ún ṣì pọ̀ jù. Kì í ṣe àìrí oúnjẹ jẹ nìkan ló ń fà á. Àìsàn wà níbẹ̀, omi tí kò mọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ikùn ọmọ tún lè kún fún ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti búrẹ́dì, kí ara rẹ̀ sì máa wá ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kò má rí i.

Ohun kejì tó ń bọ́ lọ́wọ́ yín kò ṣeé fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó wà ní Abidjan, àwọn tí àwọn onílùú ń pè ní Anago, ló wá láti Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ń sọ Faransé níléèwé, ó ń sọ Júlà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò. Yorùbá rẹ̀ kù sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ibo ló ti máa gbọ́ “ṣa ewé”, “bó ẹ̀pà”, “ro ó kó dán”, bí kò bá gbọ́ ọ ní ilé ìdáná? Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àti nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé ló kó ọmọ wọn padà sílé láìròtẹ́lẹ̀. Ọmọ tó bá délé láìmọ oúnjẹ ilé, àlejò ló máa jẹ́ nídìí abọ́ ìyá ìyá rẹ̀. A dúpẹ́ pé wọ́n ń ta attiéké ní Èjìgbò fúnra rẹ̀ báyìí, nítorí oúnjẹ náà bá àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ wọ mọ́tò.

Ahọ́n ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọmọ náà nìyẹn, pé kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nǹkan mìíràn. Ní 2001, Julie Mennella àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn aboyún tí wọ́n ní kí wọ́n máa mu omi kárọ́ọ̀tì. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, tí wọ́n fún wọn ní ògì tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì sí, wọn kò fajú ro bí àwọn ọmọ tí ìyá wọn mu omi lásán. Adùn ohun tí ìyá jẹ ń wọ inú omi tó yí ọmọ ká nínú oyún, ó sì ń wọ inú ọmú. Ìyẹn ni pé aboyún tó ń jẹ ewédú ti ń fi ewédú han ọmọ rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Leann Birch náà, l'Amẹ́ríkà kan náà, ti ń wo bí ọmọ kékeré ṣe ń gba oúnjẹ tuntun. Ohun tí òun àti àwọn mìíràn rí ni pé ọmọ lè nílò láti tọ́ oúnjẹ kan wò ní ìgbà 8 sí 15 kó tó gbà á tọkàntọkàn. Ẹ ronú sí i dáadáa. Ìgbà mélòó ni òbí ń gbé oúnjẹ kan síwájú ọmọ kó tó sọ pé “èyí ò fẹ́ràn ilá ní tiẹ̀”? Lẹ́ẹ̀mejì, tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òbí ló tètè sú, kì í ṣe ọmọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn ìyá wa fẹ́ràn láti máa ṣe: “Bó o bá jẹ ẹ̀fọ́ yìí tán, màá ra bisikíìtì fún ẹ.” Ìwádìí Birch fi hàn pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ọmọ túbọ̀ kórìíra oúnjẹ tí wọ́n fi owó ẹ̀yìn bẹ̀ ẹ́ jẹ. Ọgbọ́n ọmọdé ni: bí oúnjẹ yìí bá dùn, kí ló dé tí wọ́n fi ń sanwó fún òun kí òun tó jẹ ẹ́?

Ẹ má fi ipá tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fi ẹ̀bùn tàn án. Ẹ jẹ́ kó rí i, kó fọwọ́ kàn án, kó gbọ́ òórùn rẹ̀, kó tọ́ ọ lá díẹ̀, kó sì tún rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí ọgbà ti wúlò nìyí.

Ọgbà tí kò nílò ilẹ̀

“Ilẹ̀ dà?” Ìbéèrè tí ẹni tó ń gbé inú ọgbà ilé alájọgbé ní Adjamé tàbí Abobo máa kọ́kọ́ bi nìyẹn, ó sì tọ̀nà. Ìdílé mẹ́wàá lè máa pín àgbàlá kan, ẹnu ọ̀nà kan, ẹ̀rọ omi kan. Ọgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ kò ju ike ọ̀dà mẹ́ta lọ. Àpò ìrẹsì tó ti gbó ń ṣe é. Agbada tó ti lu ń ṣe é, ó tiẹ̀ dára jù, nítorí ihò ti wà nídìí rẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ má sí ni ihò tí omi yóò máa gbà jáde, iyẹ̀pẹ̀ dúdú, àti oòrùn fún bíi ìdajì ọjọ́.

Ewédú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní àṣírí kan tí àwọn ìyá àgbà mọ̀: èso rẹ̀ máa ń sùn. Bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù. Ẹ di èso náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí àgbàlagbà rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kó yọ ọ́ kíá, kó sá a kó gbẹ. Ẹ má rì gbogbo rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbin èyí tó wọ omi gbígbóná sínú ike kan, kó gbin èyí tí kò wọ̀ ọ́ sínú ike kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á ti máa pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Kò sí tíṣà tó lè fi ṣọ́ọ̀kì ṣàlàyé ìyẹn bí ike méjèèjì ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ewédú ti ṣeé já. Ọmọdé kò ní sùúrù, ìdí nìyẹn tí ewé fi dára ju ata lọ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ata á gbà tó oṣù mélòó kan kó tó so. Tẹ̀tẹ̀ náà tètè ń dàgbà. Èso rẹ̀ kéré bí iyanrìn, nítorí náà iyanrìn gan-an ni kí ẹ pò ó mọ́ kí ọmọ tó fọ́n ọn, kó má baà dà á sójú kan. Gbúre rọrùn jùlọ: ẹ kàn gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ kì í bọ iyẹ̀pẹ̀, ó parí. Ọmọ ọdún 3 lè ṣe é.

Òjò ńlá Abidjan máa ń wá láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, oṣù kẹfà ló sì máa ń le jù. Ẹ gbin ewé kó tó dé, nítorí òjò oṣù kẹfà lè fọ èso kúrò nínú ike. Òjò kékeré tún wà ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, bomirin di iṣẹ́ ọmọ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí tí ẹ fi fọ ẹ̀fọ́ dára fún un. Omi gọ́tà kò dára, kódà bí gbogbo èèyàn àdúgbò bá ń lò ó.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré. Ibà dengue jà ní Abidjan ní 2017, ó jà ní 2019, ó tún jà ní 2023. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kì í wá igbó. Inú omi mímọ́ tó dúró sínú kóròbá, ìsàlẹ̀ ike òdòdó àti táyà ló ń yé sí. Ẹ má fi abọ́ gbe omi sábẹ́ ike ọgbà yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa yí gbogbo ohun tí omi dúró sí dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọgbà náà nìyẹn.

Ohun kan ṣẹ́kù tó ń ba ọ̀rọ̀ ọgbà jẹ́ nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó kàwé ní Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá pẹ́ dé iléèwé, wọn á ní kó lọ gé koríko, ẹni tó bá pariwo nínú kíláàsì, wọn á ní kó lọ kọ ebè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe kọ́ ọ pé ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ sídìí ilẹ̀. Bí òbí bá fi ike ewédú ṣe ìyà, “torí o kò jíṣẹ́, lọ bomi rin ewé”, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ọmọ máa bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ike. Ẹni tó bá fẹ́ já ewé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan bàbá ẹ̀.

Láti inú ike dé inú ìkòkò

Ọjọ́ tí ọmọ bá já ewédú rẹ̀, ọjọ́ náà ni kí ẹ sè é. Ẹ má fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣa á fúnra rẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹni tó bá ti fi ìjábẹ̀ ja ewédú rí mọ bí ìró rẹ̀ ṣe ń dùn mọ́ ọmọdé. Aṣọ máa dọ̀tí. Ilẹ̀ ilé ìdáná máa yọ̀. Ẹ fara mọ́ ọn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 3 lè ṣa ewé, kó sì fọ tòmátì. Ọmọ ọdún 6 lè ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ó lè bó ẹ̀pà. Ọmọ ọdún 9 lè rẹ́ ilá pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré bí àgbàlagbà bá jókòó tì í. Epo gbígbóná, omi híhó àti ìdáná èédú ṣì jẹ́ ti àgbà, pàápàá nínú àgbàlá tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń sáré kiri.

Ọmọkùnrin ńkọ́? Ẹ yẹ ara yín wò. Ẹni tó ń ta garba fún ọmọ yín ní kọ̀rọ̀ títì, ọkùnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn Hausa láti Nìjẹ̀r sì ni a mọ òwò náà mọ́ jù. Ọkùnrin ló ń dín ẹja, ọkùnrin ló ń po attiéké, owó gidi ló sì ń pa. Ìdí wo ló wà tí ọmọkùnrin ilé yín kò fi ní mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà?

Abidjan tún ní àǹfààní kan tí Ìbàdàn àti Òṣogbo kò ní. Oúnjẹ tí ọmọ ń rí níta àti èyí tó ń rí nílé, ẹbí ni wọ́n, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ewé kplala tí wọ́n ń tà ní ọjà Gouro l'Adjamé, ewédú ni. Gombo, ilá ni. Aloko, dòdò ni. Soumbara tó ń rùn fọnfọn nínú ọbẹ̀ àwọn Júlà, irú ni. Bissap tó ń mu lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, òdòdó ìsápá ni, sóbò tí wọ́n ń tà nílé nìyẹn. Ẹ mú ọmọ lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kó béèrè orúkọ nǹkan ní Faransé, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Ọmọ tó mọ̀ pé ewédú ìyá òun ni kplala ọ̀rẹ́ òun kò ní fi ṣe ohun ìtìjú mọ́.

Ẹ wo attiéké fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Côte d'Ivoire sínú àkójọ àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo aráyé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ẹni tó mọ gaàrí ti mọ ìdajì rẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fi ẹ̀gẹ́ tó ti kan sí i láti mú kó tètè kan, wọ́n á gbé e sùn, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì kù ú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà: Yorùbá á gbé e sínú agbada, wọ́n á yan án di gaàrí, àwọn obìnrin etí ọ̀sà Ébrié á fi ọwọ́ yí i di hóró wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a díẹ̀, wọ́n á sì fi oruru omi sè é. Ìtàn tó yẹ kí ọmọ gbọ́ nídìí abọ́ garba rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kúùbù kúkúrú ni. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí i. Irú wà lọ́jà. Ẹ fi ọmọ ṣe adájọ́: ẹ se ìkòkò kékeré méjì, ọ̀kan pẹ̀lú irú, ọ̀kan pẹ̀lú kúùbù, kó sọ èyí tó dùn. Ó lè mú ti kúùbù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rántí ìgbà 8 sí 15.

Níbi tí iléèwé ti ń ràn yín lọ́wọ́

Òbí nìkan kọ́ ló ń ṣe èyí. Côte d'Ivoire ní ilé oúnjẹ níbi ọ̀pọ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà ní ìgbèríko ló sì pọ̀ jù. Àjọ WFP ti bá ìjọba ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbé e ka ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ tó ń fi lára irè oko wọn bọ́ àwọn ọmọ. Ní abúlé N'Ganon ní apá àríwá, ẹgbẹ́ obìnrin Chigata ń gbin oúnjẹ tó ń lọ sí iléèwé abúlé wọn, àjọ Slow Food sì tì wọ́n lẹ́yìn. 

Ẹni tó wá láti Èjìgbò yóò rántí pé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'Meals ní 2012, níbi tí àwọn olóúnjẹ ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2016. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ ń jẹ, kò gbìn, kò sè. Ní Berkeley, ní California, Alice Waters tó ní ilé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ ọgbà kan ní iléèwé Martin Luther King ní 1995: ọmọ ń gbìn ín níbẹ̀, ó ń sè é níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ kíláàsì sì ni. Japan ṣòfin lórí ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní 2005. Owó Berkeley kò sí ní Abobo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ike ọ̀dà wà ní Abobo, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí èso ewédú, èyí tí Berkeley kò ní.

Ìyá tó ń kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí, tó ń dé láago mẹ́jọ alẹ́, kò lè máa se oúnjẹ pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó. Bí bàbá bá wà nílé lọ́jọ́ Àìkú, kó dìde, kó bá ọmọ ja ewédú. Garba ọjọ́ Ẹtì lè máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè èso kplala lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn l'Adjamé. Owó kékeré ni. Kó mú ọmọ dání lọ, kó sì jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ san án.